Ibi Tí Gbogbo Ẹsẹ̀ Ń Yà Fún

Kí Mervyn Liebelt tó dé ilé ìwòsàn wa, ilé iṣẹ́ tó ń to mọ́tò ló ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀. Ilẹ̀kùn ló kọ́kọ́ ń dè mọ́ ara ọkọ̀, nígbà tó yá wọ́n fi í ṣe olórí àwọn tó ń de ilẹ̀kùn. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé, tí gbogbo apá àríwá ìlú Adelaide kún fún àwọn ọkùnrin tó ń fọ ọkọ̀ tí kò dọ̀tí, Merv kò jókòó sílé. Ó gbọ́ pé ilé ìwòsàn wa ń wá ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń mú kí iṣẹ́ máa ṣàn láìdúró, nítorí àwọn aláìsàn ti dí ẹnu ọ̀nà pa, ọkọ̀ pàjáwìrì sì ń tò síta bí ẹni ń dúró de epo. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó dáa jù nínú àwọn tó ní, ó lọ bá wọn. Wọ́n gbà á.

Àwa nọ́ọ̀sì ni a ò gbà á. Ẹnu tèmi ló tilẹ̀ le jù. Ros ni wọ́n ń pè mí, yàrá pàjáwìrì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mi ò sì rí ohun tí ẹni tó ń de ilẹ̀kùn mọ́tò fẹ́ kọ́ mi nípa ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ bá a lórí àga ike nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń wo bí a ṣe ń lọ àti bí a ṣe ń bọ̀, mo dúró tì í.

"Bàbá, ṣé ilẹ̀kùn lẹ fẹ́ dè mọ́ àwa náà lára ni?"

Kò bínú. Èèyàn gíga ni, ọrùn rẹ̀ pupa bíi ti gbogbo àwọn tí oòrùn ibí ti sè, kì í sì í yára sọ̀rọ̀. "Rárá, Ros," ló wí. "Ẹ̀yin lẹ mọ aláìsàn. Ibi tí nǹkan bá ti há nìkan lèmi mọ̀ ọ́n wò."

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro ṣàlàyé. Ó ń wá gbogbo ibi tí àkókò aláìsàn ti ń ṣòfò, kó lè mú un kúrò. Ó rí i pé ẹni tí ìka rẹ̀ bó àti ẹni tó máa sùn sọ́dọ̀ wa fún ọ̀sẹ̀ kan, inú ìlà kan náà ni wọ́n jọ ń tò sí. Ó ní ká là á sí méjì, kí àwọn tó máa lọ sílé lónìí gba ọ̀nà tiwọn, kí àwọn tó máa sùn gba òmíràn. Ó rí i pé ẹni tí ara rẹ̀ ti yá lókè kì í gbọ́ pé kó máa lọ títí di ìrọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ ibùsùn rẹ̀ gan-an ni ẹni tó ń jẹ̀rora nísàlẹ̀ ń dúró dè. Ó ní kí àwọn dókítà máa kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lọ sílé láàárọ̀. Ọgbọ́n wo ló wà nínú ìyẹn, a rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé, ọkọ̀ pàjáwìrì ò tò síta mọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ńlá tó so yàrá pàjáwìrì mọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé aláìsàn lọ sókè, èyí tí a máa ń fi bẹ́ẹ̀dì onítáyà dí ní ìhà méjèèjì láti àárọ̀ dalẹ́, ṣófo. A bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ara wa nínú rẹ̀. Èmi náà dẹwọ́ èébú, mo sì ń bu lára kọfí tútù mi fún un.

Inú òfìfo yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti yọjú. Nígbà tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún, ibi tí àyè bá ṣí sílẹ̀ ni ẹsẹ̀ ń gbà, kò sí ẹni tó lè sọ pé ẹsẹ̀ ń yàn. Nígbà tó ṣófo tán, Merv ní òun fẹ́ ya ìrìn wa. Á mú bébà tí wọ́n ya àwòrán ilẹ̀ ilé náà sí, á jókòó sórí àga ike rẹ̀, bí ẹnì kan bá sì ti kọjá, á fa ìlà kan tẹ̀ lé e láti ibi tó ti wá dé ibi tó lọ. Ẹlòmíràn á kọjá, á tún fa tirẹ̀. Bó bá yá, àwọn ìlà náà á lọ́ mọ́ra bí òwú tí ológbò fi ṣeré, a ó sì wá rí ibi tí a ti ń rin ìrìn asán.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó pè mí. "Ros, wá bá mi wo nǹkan."

Ó tẹ́ bébà náà sórí orúnkún rẹ̀. Gbogbo ìlà tó fà ló jáde láti ẹnu ọ̀nà yàrá pàjáwìrì, wọ́n ń lọ tààrà bó ṣe yẹ. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kejì, gbogbo wọn yà, bí omi ṣe ń yà fún òkúta nínú odò. Lẹ́yìn ibẹ̀ wọ́n tún padà sójú ọ̀nà. Láàárín wọn, bébà náà funfun, kò sí ìlà kan tó kàn án. Funfun náà gùn tó ẹni tó dùbúlẹ̀.

"Kí ló wà níbẹ̀?" ó bi mí.

Mo gbójú sókè, mo wo ibẹ̀. "Kò sí nǹkan kan. Ilẹ̀ lásán ni. Fèrèsé ni."

"Kí lẹ wá ń yà fún?"

"Ta ló ń yà? Èmi ò yà fún nǹkan kan."

"Rìn ín kí n rí ọ."

Mo rìn ín. Mo mọ̀ pé mo ń rìn, mo sì mọ̀ pé ẹnì kan ń wò mí. Mo lọ, mo bọ̀, mo sì padà sọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó yí bébà náà sí mi. Ìlà tèmi náà ti yà.

"Ẹ̀yin lẹ fà á bẹ́ẹ̀," mo sọ fún un.

"Ó dáa. Gba bíírò. Jókòó, kí èmi náà rìn."

Ó rìn pẹ̀lú ọwọ́ nínú àpò, ó ń súfèé, ojú rẹ̀ ń wo iwájú. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kejì, ejìká rẹ̀ kọ́kọ́ yí, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ lé ejìká, ó yí ibẹ̀ po, kò sì dá ìfé dúró. Ó ṣe é bí ẹni tó ń ṣọ́ra kó má gbá nǹkan. Nígbà tó padà, mo ti dojú bébà náà dé orí itan mi, ó wù mí kí n má fi hàn án. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó wò ó títí.

Lọ́jọ́ kejì ó ra téèpù yẹ́lò, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gbọọrọ láti ẹnu ọ̀nà kan dé èkejì, ó bẹ gbogbo wa pé ká máa tẹ̀ lé e. A ń tẹ̀ lé e. Bí a bá dé ibẹ̀, ẹsẹ̀ kan á bọ́ kúrò lórí rẹ̀, èkejì á bá a lọ, ara wa á sì ti kọjá kí ọkàn wa tó mọ̀. Merv kọ́kọ́ ní àṣà ni, pé àwa tó pẹ́ ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láìmọ̀. Ó fọkàn balẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yá, ó ya ẹsẹ̀ àwọn àlejò tó mú òdòdó wá kí èèyàn wọn, àwọn tí wọn ò dé ilé ìwòsàn náà rí. Wọ́n ń yà. Ọkùnrin kan wà tó máa ń mú ajá rẹ̀ wá kí àwọn aláìsàn lè fọwọ́ pa á lára kí inú wọn dùn. Ajá náà dé ibẹ̀, ó fi ìrù sáàárín ẹsẹ̀, ó fara ha ògiri òdìkejì kọjá.

Ọ̀gá kan láti ọ́fíìsì òkè rí funfun inú bébà náà. Ó ní àyè tó ṣófo, ìfiṣòfò ni, ó sì ní kí wọ́n gbé kábọ́ọ̀dù aṣọ ibùsùn síbẹ̀ kí àwọn nọ́ọ̀sì má baà máa rìn jìnnà. Wọ́n gbé e síbẹ̀. Àwa kàn ń rìn jìnnà lọ kó aṣọ ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bíi ti àtẹ̀yìnwá ni. Nígbà tí Merv béèrè ohun tó fà á, ọmọdébìnrin kan nínú wa ní, "Aṣọ ibẹ̀ ń tutù." Oṣù kìíní ọdún ni, ìgbà tí ooru ibí mú débi pé ọ̀dà ojú títì ń yọ́, tí àwọn ẹyẹ ń jábọ́ látorí igi. Mo ṣí kábọ́ọ̀dù náà fúnra mi, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Aṣọ náà tutù bí aṣọ tó sun ìta mọ́jú, ó sì lọ́rinrin díẹ̀, bí èyí tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé kábọ́ọ̀dù náà kúrò.

Bàbá àgbà kan tó ń gbin àlìkámà ní ọ̀nà Mallala ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Itan rẹ̀ ló kán, mo ń fi bẹ́ẹ̀dì onítáyà tì í lọ sókè. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé náà ni ó gbá ọwọ́ mi.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ ò gbọ́ ni? Ẹ dá ìyá yẹn lóhùn."

"Ìyá wo, sà?"

"Ìyá tó ń bi yín léèrè. Ó ní ṣé ó ti kan òun."

Mo ní oògùn ìrora ló ń sọ̀rọ̀. Mo rẹ́rìn-ín sí i, mo ń tì í lọ. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kan náà, mo gbé ọmọbìnrin kékeré kan kọjá, apá ló kán, a ò tíì fún un ní oògùn kankan. Ó dùbúlẹ̀, ó ń wo àjà. Ó ní, "Màmá àgbà yẹn fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti kàn án." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń jíṣẹ́. Ìyá rẹ̀ wò mí, èmi náà wo ìyá rẹ̀.

Mo lọ bá Merv níbi tó ti ń jẹ páì ẹran lábẹ́ igi ní ẹ̀yìn ilé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo retí pé á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbé páì náà sílẹ̀.

"Ìwọ fúnra rẹ, ṣé o gbọ́ nǹkan kan?"

"Rárá."

"Àwọn tó gbọ́ ńkọ́, ṣé wọ́n dùbúlẹ̀?"

"Àwọn méjèèjì dùbúlẹ̀."

Ó mi orí. "Àwa tó ń rìn ni a ò gbọ́. Níbi iṣẹ́ wa, bí ilẹ̀kùn ò bá wọ ojú ibi tó yẹ, a kì í jókòó sí ọ́fíìsì ṣàròyé. A máa ń lọ dúró níbi tí ilẹ̀kùn wà ni. Wá bẹ́ẹ̀dì onítáyà kan, Ros."

"Ẹ̀yin fẹ́ dùbúlẹ̀ síbẹ̀?"

"Ta ni kí n rán?"

Lọ́sàn-án náà, ó bọ́ bàtà, ó gòkè, ó na ara rẹ̀ gbọọrọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta nítorí gíga rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ń ṣẹ̀fẹ̀. Ẹnì kan ní, "Merv, ṣé oyún ni?" Ó ní ìbejì ni. Ẹ̀rín sọ. Mo tì í jáde sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀rín ẹ̀yìn wa sì ń jìnnà. Mo rọra tì í. Nígbà tí a dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kejì, mo rí bí ọwọ́ mi ṣe yí bẹ́ẹ̀dì náà láìjẹ́ pé mo rán an níṣẹ́. Mo wo ojú Merv. Ó la ojú sílẹ̀, ó yí orí díẹ̀ sí ìhà fèrèsé, bí a ṣe máa ń yíjú sí ẹni tó pè wá. Irun apá rẹ̀ dìde gbogbo.

Mo tì í dé iwájú ẹ̀rọ, mo dúró. Ó pẹ́ kó tó jókòó.

"Ẹ gbọ́ ọ?"

"Ó ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ṣé ó ti kàn mí?'" Ó fọwọ́ nu ojú. "Ó bẹ̀ mí kó tó béèrè, Ros. Bí ẹni tó ti ń béèrè tipẹ́, tí kò fẹ́ kí wọ́n bínú sí òun."

"Kí lẹ dá a lóhùn?"

"A ti kọjá kí n tó lè dá a lóhùn."

Pip Harkness ló tú u fún wa. Òun ni olórí wọ́ọ̀dù òkè, ó ti wà níbẹ̀ kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó dé. Tíì ló ń mu nígbà tí a wọlé, tòun ti kéèkì alágbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Merv fi bébà rẹ̀ hàn án, ó nàka sí ibi tó funfun. Pip ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ jìnnà.

"Edna Trezise," ló wí.

Ó ní ọdún kan tí ooru pọ̀, tí àwọn arúgbó ń dákú nínú ilé wọn, ni wọ́n gbé obìnrin náà wá. Òòyì ló ń kọ́ ọ. Kò ké, kò pariwo. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn láàárọ̀, wọ́n ní ó máa kàn án láìpẹ́. Gbogbo ẹni tó kọjá ló bi, gbogbo ẹni tó kọjá ló dá a lóhùn pé ó máa kàn án láìpẹ́, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rò. Oòrùn yí wọ fèrèsé. Nígbà tí ẹnì kan wá dúró tì í nírọ̀lẹ́, ó ti kú, ó ti pẹ́ díẹ̀, wọ́n sì ti ń yà fún bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kọjá ní gbogbo àsìkò náà.

"Ẹ ò tíì gbọ́ èyí tó burú jù," Pip wí. Ó ti kéèkì náà sẹ́yìn. "Ibùsùn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi níbí. Láti àárọ̀ ni mo ti tẹ́ ẹ sílẹ̀. Èmi ń dúró kí wọ́n gbé e gòkè wá, àwọn ń dúró kí n pe àwọn. Àwa méjèèjì jọ ń dúró de ara wa."

Merv ò lè gbé e kúrò lọ́kàn. Ọkùnrin tí kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì yàtọ̀ sí ọjọ́ ìgbéyàwó ni, kò sì fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ iwin. Ohun tó ń sọ fún mi ṣáá ni pé gbogbo èèyàn ló ń ṣàn kọjá báyìí, gbogbo èèyàn ni a ti là lọ́nà, a wá fi ẹnì kan sílẹ̀ nínú ìlà àtijọ́. "Iṣẹ́ ò parí," ló máa ń wí. "O ò lè sọ pé ọ̀nà là nígbà tí ẹnì kan ṣì ń béèrè bóyá ó kan òun."

Pip mọ ọmọ obìnrin náà, Glenys, tó ń ta oògùn ní ilé ìtajà kan ní àdúgbò Salisbury. Èmi àti Merv lọ bá a níbẹ̀. N kò tíì rí iṣẹ́ tó le bẹ́ẹ̀ fún ọkùnrin kan láti jẹ́. Glenys gbọ́ ọ títí, ó fọwọ́ lé tábìlì.

"Kí lẹ mu kẹ́ ẹ tó wá síbí?"

"Kọfí," Merv wí. "Glenys, n ò wá fi ọ́ ṣeré. Bó o bá ní ká máa lọ, a máa lọ."

"Kí lẹ ní ó sọ?"

Merv tún un sọ bó ṣe gbọ́ ọ gan-an, ẹ jọ̀ọ́ rẹ̀, ẹ má bínú rẹ̀. Glenys wo ibòmíràn. Oníbàárà kan wọlé, ó sì jáde láìra nǹkan kan.

"Mọ́mì ò lè ta síwájú ẹnikẹ́ni láyé," ó wí níkẹyìn. "Bí ẹ bá fi í sínú ìlà, á dúró. Bí ẹ ò bá sọ fún un pé ó ti parí, á ṣì máa dúró. Mo máa ń bú u nítorí ẹ̀." Ó nu ojú. "Kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"A fẹ́ kó kàn án," Merv wí.

Ọjọ́ Sunday la ṣe é, lọ́sàn-án, nígbà tí àwọn ọ̀gá ò sí nítòsí. Oòrùn wọ inú fèrèsé kejì, ó tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ bí aṣọ. Mo mú bẹ́ẹ̀dì onítáyà tó mọ́ wá, mo tẹ́ aṣọ funfun sí i, mo sì gbé e lọ sí ibi tí bébà Merv ti funfun. Mo ní láti fi agbára mú ẹsẹ̀ mi wọ ibẹ̀, bí ẹni ń wọ odò lóru. Ó tutù títí dé orúnkún mi. Glenys dúró ní ìdí ògiri òdìkejì, kò lè sún mọ́ ọn.

Merv wò mí. Mo gbé ohùn sókè bí mo ṣe máa ń pe gbogbo aláìsàn: "Ìyáàfin Edna Trezise. Ó ti kàn yín, mà. Ẹ má bínú pé a jẹ́ kẹ́ ẹ dúró."

A dúró díẹ̀. Kò sí nǹkan tí a rí. Aṣọ funfun náà ò mì. Nígbà tó yá, Merv di ìhà orí mú, èmi di ìhà ẹsẹ̀ mú, a tì í.

Bẹ́ẹ̀dì onítáyà tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀, ọwọ́ kan ni mo máa ń fi tì í, á sì máa sá níwájú mi, táyà rẹ̀ á máa pariwo. Lọ́jọ́ yẹn, a fi ara tì í. Táyà rẹ̀ ò pariwo. Ní ibi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀ níwájú ẹ̀rọ, Merv ní láti fi àyà sún un, mo sì gbọ́ tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "Ẹ dì í mú, mà, ó máa gbọ̀n díẹ̀."

Pip ti tẹ́ ibùsùn kan sílẹ̀ lókè, ó ti ká aṣọ ìbora rẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Ìyáàfin Trezise. A ti ń retí yín." Ó fa kọ́tìnnì yí i ká díẹ̀. Glenys jókòó tì í di ìrọ̀lẹ́, ó ń sọ ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀, ó ń sọ bí igi lẹ́mọ́ọ̀nù ẹ̀yìnkùlé ṣe so lọ́dún yìí. Obìnrin kan tó ń gba ìtọ́jú ẹ̀dọ̀fóró ní ibùsùn òdìkejì, tí ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan fún, pe Pip, ó ní kó bá òun fa kọ́tìnnì náà dí tán, kí ìyá yẹn lè sùn, pé ó rẹ̀ ẹ́.

Mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Merv ò rò bẹ́ẹ̀. "Ẹni tó bá wọlé gbọ́dọ̀ jáde," ó wí fún mi. "Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, inú ìlà kan la ti gbé e kúrò bọ́ sínú òmíràn."

Nítorí náà, láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀dọ̀ Ìyáàfin Trezise ni Pip kọ́kọ́ dé, gẹ́gẹ́ bí òfin tuntun wa. Ó dúró níbi ẹsẹ̀ ibùsùn, ó sọ fún un pé ó lè máa lọ sílé. Mo ti kẹ̀kẹ́ àwọn tí kò lè rìn sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà ńlá, níbi tí Glenys gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí. Ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ìhà tí awakọ̀ kì í jókòó sí. Gbogbo wa dúró, a ò mọ bó ṣe yẹ kó pẹ́ tó. Ọkùnrin kan tó ń mu sìgá wò wá, ó pa sìgá náà, ó sì lọ. Glenys ti ilẹ̀kùn, ó yí lọ sí ìhà tirẹ̀, ó dáná sí ọkọ̀.

Ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké, bó ṣe máa ń ké nígbà tí ẹni tó jókòó níwájú kò bá de bẹ́líìtì.

Glenys jókòó, ọwọ́ rẹ̀ lórí ìdarí. Ó wo àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí àpò lórí rẹ̀, kò sí nǹkan kan. Ó na ọwọ́ kọjá, ó fa bẹ́líìtì náà wá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí a ṣe ń de ọmọdé, ó tì í bọ ojú rẹ̀. Igbe náà dáwọ́ dúró. Ó wa ọkọ̀ lọ, ó sì rọra wà á ní ibi tí wọ́n mọ òkìtì kékeré sójú títì níwájú ilé ìwòsàn, kó má baà gbọn ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó pe Merv. Ó ní ilé dáa, kò sí nǹkan tó ń dẹ́rù ba àwọn, àti pé àga tó wà lábẹ́ fèrèsé ni ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí mọ́. Kò bá a sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹsẹ̀ ń lọ tààrà. Mo rántí ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rìn kọjá níbẹ̀ láìyà, mo gbé àwo oògùn dání, mo sì dúró sí àárín ibẹ̀ gan-an. Ilẹ̀ náà móoru bí ilẹ̀ yòókù. Ó ṣe mí bákan, bí ìgbà tí aládùúgbò tí a kì í kí kó lọ. Wọ́n gbé kábọ́ọ̀dù padà síbẹ̀, aṣọ inú rẹ̀ ò tutù mọ́. Ọ̀gá ọ́fíìsì òkè béèrè lọ́wọ́ Merv ohun tó ṣe tí ìlà fi tọ́. Merv ní òun mú ìdíwọ́ kan kúrò. Wọ́n yìn ín.

Àwa nọ́ọ̀sì pàdánù gbólóhùn kan láti ìgbà náà. Kò sí ẹni tó pàṣẹ, ṣùgbọ́n kò sí nínú wa tó ń sọ ọ́ mọ́ fún ẹnikẹ́ni pé ó máa kàn án láìpẹ́. Bí èèyàn bá bi wá, a máa ń dúró, a máa ń fọwọ́ kàn án, a sì ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé gan-an. Ó ń gba àkókò díẹ̀ sí i. Merv ní ìyẹn kì í ṣe ìfiṣòfò.

Òkìkí rẹ̀ kàn. Ilé ìwòsàn àtijọ́ kan ní ọ̀nà àríwá, ibi tí ilẹ̀ ti ń pupa tí ilé sì ti jìnnà síra, bẹ̀ ẹ́ pé kó wá ya ìrìn àwọn náà. Ó ní ọ̀sẹ̀ kan lòun máa lò. Ní ọjọ́ kẹta ó ti padà, ó wá bá mi nílé, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, kò fẹ́ jókòó. Ó fi bébà tó yà níbẹ̀ lé mi lọ́wọ́.

Mo ṣí i lórí tábìlì. Mo kọ́kọ́ rò pé kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í yà á ni, nítorí bébà náà funfun púpọ̀. Ìgbà tí mo wò ó dáadáa ni mo rí àwọn ìlà. Wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n tín-ín-rín, wọ́n ń yọ́ kọ́lọkọ̀lọ láàárín funfun kan àti òmíràn bí ẹni ń wá ọ̀nà kọjá nínú ọjà tó kún.

"Ṣé wọ́n mọ̀ níbẹ̀?" mo bi í.

"Wọ́n ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn há ju ti ilé ìwòsàn yòókù lọ."

Mo gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ mi, mo bá a lọ. Gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e la fi wà níbẹ̀, à ń bi àwọn àgbà ìlú léèrè orúkọ àwọn tó kú sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Àwọn kan, a rí èèyàn wọn. Àwọn kan, ọkọ̀ Merv ló gbé wọn lọ sí ibi tí ilé wọn wà tẹ́lẹ̀, kò sí nǹkan tí ojú rí lórí àga, àfi bẹ́líìtì tí à ń dè níkọ̀ọ̀kan.